Kí Ni Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Rẹ̀?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí nọ́ńbà kan ti ń dà mí láàmú: 247. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo rí i lójú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá, nínú yàrá wọn ní Òkèlérìn, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wákàtí méjì ṣáájú ni wọ́n ti jẹun. Wọn kò jẹ àmàlà, wọn kò fẹnu kan iyán, wọn kò mu ohun dídùn kankan. Òkèlè wíìtì ni wọ́n jẹ, oúnjẹ tí wọ́n ní kí alátọ̀gbẹ máa jẹ gan-an. Àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 180 lẹ́yìn oúnjẹ. Mo gún ìka mìíràn, bóyá ẹ̀rọ ló ṣì í kà. 243.

Oṣù mẹ́rin ni èlùbọ́ ti fi di èèwọ̀ nínú ilé wa nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará ibí mọ bí ìyẹn ṣe rí. Bí wọ́n bá ń ki ìlú yìí, wọ́n á ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ọkà yẹn, àmàlà ni. Ti Màmá tún wá ju ti jíjẹ lọ. Ọdún 31 ni wọ́n fi ta èlùbọ́, ti iṣu àti láfún, owó rẹ̀ ló sì rán èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì níléèwé. Bí wọ́n bá ti fi ìka tẹ èlùbọ́ báyìí, wọ́n á sọ fún yín bóyá òjò bá a níbi tí wọ́n sá a sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún ní ilé ìwòsàn pé, “Màmá, ẹ fi àmàlà sílẹ̀ o. Wíìtì ni kí ẹ máa jẹ.”

Ó parí síbẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Kò sẹ́ni tó sọ irú wíìtì tó yẹ, kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, tàbí ohun tó yẹ kí wọ́n fi jẹ ẹ́. Èmi tí mo tẹ̀ lé wọn lọ náà ò béèrè. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn wa lórí ìjókòó, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wa sì ti ń nawọ́ sí káàdì ẹlòmíràn.

## Àtẹ́lẹwọ́ Màmá

Lẹ́yìn 243 yẹn, Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. Wọ́n kàn ń ronú ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, lọ gbé ìyẹ̀fun yẹn wá.”

Mo gbé e wá nínú ọ̀rá tí a rà á sí. Wọ́n bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò rà á, wọ́n tún fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fò bí àtíkè. Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí èmi náà fọwọ́ kàn án. “Wò ó,” ni wọ́n wí, “kò sí ohun kankan nínú ẹ̀ tó ń họni lọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ọkà, tí wọ́n lọ̀ tòun tèèpo, ó gbọ́dọ̀ họni lọ́wọ́ díẹ̀. Kí ni wọ́n yọ kúrò nínú ẹ̀?”

Mo yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyẹ̀fun àlìkámà, ìyẹn wíìtì, ni. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé odidi ọkà náà ni wọ́n lọ̀. Oṣù mẹ́rin la ti ń rà á, èmi tí mo kàwé kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ẹni tí kò kàwé ló fi ọwọ́ kà á.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí Sábó láti ra hóró rẹ̀. Alkama ni ẹni tó tà á fún mi ń pè é ní Haúsá. Bí a ti ń pè é ní àlìkámà nínú Bíbélì wa náà nìyẹn. Ọwọ́ Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa, Haúsá sì gbà á láti inú èdè Lárúbáwá. Ó yẹ kí orúkọ yẹn ti ta wá lólobó tipẹ́ pé àlejò ni. Àlìkámà kò fẹ́ràn ooru ilẹ̀ wa yìí. Lókè Ọya ni wọ́n ti ń gbìn ín nílẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú, omi ni wọ́n sì ń fà wọ oko rẹ̀, nítorí òjò kì í rọ̀ nígbà yẹn. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń jẹ, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá láti òkèèrè.

A lọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń bá wa lọ èlùbọ́. Nígbà tí mo gbé e délé, Màmá gba asẹ́, wọ́n jọ̀ ọ́ sínú ọpọ́n. Ohun tó kù lójú asẹ́ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: eèrí pupa rẹ́súrẹ́sú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń rùn bí ọkà tuntun. Màmá dà á sórí àwo pẹrẹsẹ, wọ́n tẹ́ ẹ pẹ̀lú ìka. Wọ́n ní, “Èyí ni wọ́n yọ.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Hóró àlìkámà kan, bó ti kéré tó nì, apá mẹ́ta ló ní. Inú rẹ̀ tó funfun tó nǹkan bí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun ti ń wá. Eèrí tó bò ó tó nǹkan bí 14. Ìyókù, tí kò ju bí 3 lọ, ni ibi tí èhù ti ń yọ bí a bá gbìn ín. Inú eèrí àti ojú èhù yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú fítámì B, irin àti okùn oúnjẹ wà. Bí ẹ̀rọ ńlá bá lọ ọkà tán, ó lè yọ méjèèjì sọ́tọ̀ kí ìyẹ̀fun lè funfun, kó sì pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Lóòótọ́, láti ọdún 2002 ni ìjọba ti pọn ọ́n ní dandan pé kí àwọn tó ń ṣe ìyẹ̀fun nílẹ̀ yìí máa fi fítámì A sínú rẹ̀, nítorí pé kò tó lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Fítámì A yẹn wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò dá eèrí padà.

## Adìyẹ tí wọ́n ń fún ní ìrẹsì ṣọ́jà

Ìbéèrè Màmá kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóru. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Christiaan Eijkman. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Holland ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Java ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àìsàn beriberi ń pa àwọn èèyàn níbẹ̀: ẹsẹ̀ á rọ, ọkàn inú àyà á di aláìlágbára, ikú á dé. Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n rò pé ó ń fà á, òun ni Eijkman sì ń wá kiri.

Lọ́jọ́ kan ni ó ṣàkíyèsí pé àwọn adìyẹ inú ọgbà ilé ìwòsàn ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, bí ti àwọn aláìsàn náà gẹ́lẹ́. Nígbà tó ṣe, ara wọn tún yá lójijì, kò sì sí ẹni tó fún wọn lóògùn. Ó wádìí títí. Ìrẹsì funfun tí wọ́n sè ṣẹ́kù nílé ìdáná àwọn ológun ni wọ́n ti ń fún àwọn adìyẹ náà jẹ. Olùsè tuntun ló dé, tó ní òun kò ní máa kó oúnjẹ ṣọ́jà fún adìyẹ, ni wọ́n bá padà sí ìrẹsì tí wọn kò bó eèrí rẹ̀ kúrò. Ohun tó wo adìyẹ sàn nìyẹn. Èròjà tó wà nínú eèrí yẹn ni a wá mọ̀ sí fítámì B1, Eijkman sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929.

Mo sọ ìtàn yìí fún Màmá nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. “Olùsè yẹn ni kí wọ́n fún lẹ́bùn,” ni wọ́n wí.

## Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà

Nísinsìnyí, ẹ ó rò pé a ti rí ọ̀nà: kí a máa lọ àlìkámà tòun teèrí, kí Màmá máa jẹ ẹ́, kí ṣúgà sì wálẹ̀. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. A ro òkèlè rẹ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá jẹ ẹ́, mo gún ìka wọn lẹ́yìn wákàtí méjì. 229.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lọ́jọ́ náà. Mo tún padà sídìí ìwé.

Ní ọdún 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto gbé ọ̀nà kan jáde láti fi wọn bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Wọ́n fi ṣúgà glucose ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn ni 100, wọ́n sì ń fi àwọn oúnjẹ yòókù wé e. Nínú àtẹ tí àwọn onímọ̀ fi gbogbo irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣe ní ọdún 2008, búrẹ́dì funfun wà ní 75. Búrẹ́dì tí wọ́n fi odidi ọkà àlìkámà ṣe wà ní 74.

Ìyàtọ̀ kan péré. Ẹ tún un kà, nítorí èmi náà tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ti lọ ọkà kúnná, a ti bá ikùn ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ara hóró tó dúró bí ògiri ti wó, omi inú ikùn á ráyè wọlé kíákíá, gbogbo sítáàṣì á di ṣúgà lẹ́ẹ̀kan náà, eèrí ì báà wà níbẹ̀. Bí hóró náà bá wà lódidi tàbí tí a kàn fọ́ ọ, ó máa ń pẹ́ kó tó di ṣúgà. Ẹ̀wà náà ń pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé eèrí kò wúlò o. Àwọn tó máa ń jẹ odidi ọkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í sábà ní àìsàn ọkàn àti àtọ̀gbẹ tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́, ìwádìí lórí èyí sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ.

Ohun kejì tí mo rí ló là mí lójú jù. Nínú àyẹ̀wò irú ti Toronto yìí, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn: oúnjẹ tí èròjà afúnnilágbára inú rẹ̀, èyí tó ń di ṣúgà nínú ara, kò ju 50 gíráàmù lọ. Ìwọ̀n dọ́gba, kí wọ́n tó fi wéra. Mo dìde lóru yẹn, mo lọ wo ago tí a fi ń bu ìyẹ̀fun Màmá.

Ní òwúrọ̀, mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan tó ń ṣe kéèkì. Mo ní kí Màmá bu wíìtì bí wọ́n ṣe máa ń bù ú gan-an. Wọ́n bù ú. 210 gíráàmù. Èròjà afúnnilágbára tó wà nínú ìyẹn tó nǹkan bí 130, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń fún èèyàn ní Toronto lọ. Mo béèrè pé, “Màmá, ṣé bí ẹ ṣe máa ń bu èlùbọ́ nìyí nígbà tí ẹ ń jẹ àmàlà?” Wọ́n ní rárá. Àmàlà, wọ́n ní ẹyọ kan ti tó àwọn. “Ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí ni oògùn. Mo wá ń jẹ ẹ́ dáadáa kára mi lè tètè yá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Obìnrin tó ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn, òun ni ìmọ̀ràn náà ń pa lára, nítorí pé orúkọ oúnjẹ nìkan ni wọ́n fún un.

## Ìbéèrè ta ni wọ́n ń dáhùn?

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ìwádìí kì í dáhùn ju ohun tí a bi í lọ. Norman Borlaug, onímọ̀ nípa irúgbìn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Mexico lórí àlìkámà aláràkúkurú tí kì í wó lulẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá pọ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní ọdún 1970. Ìbéèrè rẹ̀ ni báwo ni ọkà yóò ṣe pọ̀ tó fún gbogbo ẹnu. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa yìí, àti ilé ìwádìí irúgbìn tó ń ta nínú ilẹ̀ bí iṣu àti ẹ̀gẹ́, tó wà ní Umudike ní ìpínlẹ̀ Abia, gbé ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pupa bí ìyeyè jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 2011, èyí tí fítámì A wà nínú rẹ̀, nítorí ojú àti ìlera àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Mo ti jẹ gààrí rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n bí alátọ̀gbẹ bá gbọ́ pé “wọ́n ti fi fítámì sí i,” tó wá ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ láìwọ̀n, ìdáhùn sí ìbéèrè ẹlòmíràn ló fi ń tọ́jú ara rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní àwọn yunifásítì wa náà ti wọn àmàlà, iyán àti ẹ̀bà. Èsì wọn kì í fìgbà gbogbo bára mu, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Irú iṣu, bí a ṣe bọ̀ ọ́, ọjọ́ tó lò nínú omi, bó ṣe le tó lójú ọmọrogùn, gbogbo rẹ̀ ló ń kó ìyàtọ̀ bá a. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí òṣùwọ̀n oúnjẹ kan wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń gba alátọ̀gbẹ nímọ̀ràn, kí wọ́n ro òkèlè tó tó síwájú ìyá arúgbó, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bó ṣe tó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà. Ẹni tó ta èlùbọ́ fún ọdún 31 kò ní gbàgbé ìwọ̀n tó bá ti fojú rí.

Mo kọ gbogbo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà sínú ìwé kan, oúnjẹ, ìwọ̀n, àti wákàtí, a sì gbé e padà lọ bá dókítà. Ó kà á tán pátápátá. Ó ní kí a má fọwọ́ kan oògùn wọn, ìyẹn wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti oúnjẹ, Màmá lè jẹ àmàlà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí kò bá ti kọjá ìwọ̀n tí a jọ fẹnu kò sí. Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ̀rọ̀. Màmá ní tiwọn kàn béèrè iye ọjọ́ tó wà nínú “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

## Ẹran ló ń kẹ́yìn

Ohun kan ṣẹ́kù tí mo rí nínú ìwé, òun ló sì ṣòro jù fún wa láti ṣe. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan ní New York fún alátọ̀gbẹ 11 ní oúnjẹ kan náà ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ kan, búrẹ́dì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Ní ọjọ́ kejì, ẹran àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ, búrẹ́dì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ṣúgà wọn kéré gan-an ní ọjọ́ kejì. Èèyàn 11 kò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ewu nínú rẹ̀, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá ni wá. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa tó jẹ́ fọwọ́ kan ẹran kí òkèlè tó tán. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ rí nítorí rẹ̀, Màmá fúnra wọn ló gbá mi. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹran, wọ́n á ní yóò jalè lọ́la.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wọn 80 gíráàmù èlùbọ́, mo rò ó. Ọkà tó dúdú, tó ń dán, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún ó lé. Mo bu gbẹ̀gìrì tó pọ̀ àti ewédú sínú àwo ọ̀tọ̀, mo gbé ẹja tútù méjì lé e lórí, mo sì fi ọkà náà pa mọ́ sẹ́yìn nínú abọ́ tó ní ìdérí. Mo jókòó tì wọ́n.

Màmá fọwọ́. Wọ́n wo abọ́ tó ní ìdérí, wọ́n wo mí. Wọ́n mú ẹja kan, wọ́n gbé e dé ẹnu, wọ́n tún gbé e padà sínú ọbẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ wọlé.

“Ká ní ìyá mi wà láyé,” ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ ẹja náà, díẹ̀díẹ̀, títí dé egungun rẹ̀.